Sílébù wo ni kí n tẹnu mọ́ nínú ọ̀rọ̀-ìṣe èdè Ítálì?

Ọmọ Ìjẹ̀bú ní Torino

Ẹ kú àsìkò yìí o, ẹ̀yin ará. Ó di ọdún kẹsàn-án tí mo ti ń gbé ní Torino, mo sì ń lọ sí kíláàsì alẹ́ báyìí láti múra sílẹ̀ fún ìdánwò èdè ní ìpele B1, èyí tí òfin ọdún 2018 sọ di dandan fún àjèjì tí ó bá fẹ́ di ọmọ ìlú Ítálì. Mo lè ra ọjà, mo lè bá dókítà sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ìwé kíkà sókè ni ó ń dójú tì mí.

Lọ́sẹ̀ tí ó kọjá, olùkọ́ ní kí n ka ìpínrọ̀ kan. Mo ka "I nonni abitano in campagna", ìyẹn "àwọn òbí àgbà ń gbé ní ìgbèríko", mo sì gbé gbogbo agbára ohùn mi lé "ta", ni ẹ̀rín bá sọ nínú kíláàsì. Nígbà tí mo dé "Il vecchio parlò", mo rí àmì tí ó wà lórí lẹ́tà ìkẹyìn, mo sì fa ohùn náà wálẹ̀ bí ẹni tí ó ń pe "ọkọ̀". Olùkọ́ bi mí pé ta ni ó wá ń sọ̀rọ̀ nínú ìtàn náà, nítorí pé "parlo", ìyẹn "mo ń sọ̀rọ̀", ni òun gbọ́, kì í ṣe "ó sọ̀rọ̀". Mo tún ṣe àṣìṣe lórí "prendere", tí mo pè bí mo ṣe máa ń pe "vedere". Àfikún rẹ̀ ni pé nínú iṣẹ́ àṣetiléwá mi, mo gé "aspetto" sí "as-pet-to" ní ìparí ìlà, wọ́n sì fi gègé pupa fa igi sí i.

Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni pé ṣé òfin kan wà tí ènìyàn lè tẹ̀ lé, àbí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ni a ó máa há sórí títí ọjọ́ alẹ́?

Awakọ̀ Brescia

Àbúrò mi, kò le tó bẹ́ẹ̀. Ọmọ Yorùbá ni ẹ, etí rẹ ti mọ ohùn láti inú oyún. Ibi tí àwọn ará ibí bá ti tẹnu mọ́ ọ̀rọ̀, fi ohùn òkè sí i, kí o sì fi ohùn ìsàlẹ̀ sí èyí tí ó kù. Àwọn baba wa pàápàá ti ṣe é rí. Nígbà tí wọ́n gba ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ Òyìnbó, ibi tí Òyìnbó tẹ̀ ni wọ́n fi ohùn òkè sí: kọ̀ǹpútà, mọ́tò. Èmi kò lọ sí kíláàsì kankan, bí mo ṣe ń ṣe é láti ọdún mẹ́rìnlá nìyẹn, àwọn tí mo ń kó ẹrù fún sì ń gbọ́ mi yé.

Olùkọ́ Àgbà

Awakọ̀, ọ̀rọ̀ yín lórí kọ̀ǹpútà dùn mọ́ mi, òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n bí ọmọ yìí bá gbé e lọ sínú ìdánwò, yóò gbé e ṣubú, nítorí pé ohùn àti ìtẹnumọ́ kì í ṣe ohun kan náà.

Nínú èdè wa, sílébù kọ̀ọ̀kan ni ó ní ohùn tirẹ̀, bí a bá sì yí ẹyọ kan padà, ọ̀rọ̀ ti di òmíràn. Nínú èdè Ítálì, sílébù kan ṣoṣo ni ó ń jẹ́ olórí nínú ọ̀rọ̀, ohun tí ó sì fi ń jẹ́ olórí ni pé a ń fi agbára pè é, a sì ń fà á gùn ju àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Òkè tàbí ìsàlẹ̀ kọ́ ni ó ṣe pàtàkì. Bí ẹnìkan bá béèrè pé "Parlano?", ẹ ó gbọ́ pé ohùn rẹ̀ gòkè ní ìparí, lórí "no", síbẹ̀ "par" ni ó ṣì ń tẹnu mọ́. Ẹni tí ó bá ń fi ohùn òkè nìkan wá a yóò sọnù síbẹ̀. Gígùn ni kí ẹ máa tẹ́tí sí. Ní "vedere", "e" àárín gùn gbọọrọ. Ní "parlano", nítorí pé "r" ti pa ẹnu sílébù náà dé, fáwẹ́lì rẹ̀ kò gùn, ṣùgbọ́n ẹ ó gbọ́ agbára tí ó wà lára rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kejì ni ti àmì. Àmì tí ó wà lórí "parlò" jọ àmì ohùn ìsàlẹ̀ tiwa bí ìbejì, ibẹ̀ ni ó sì ti tan ọ̀pọ̀ nínú wa jẹ. Ohun tí ó ń sọ ni pé "ibí ni kí o tẹ̀". Nínú ọ̀rọ̀ tí ó ju sílébù kan lọ, ìgbà tí ìtẹnumọ́ bá bọ́ sí orí sílébù ìkẹyìn nìkan ni ó pọn dandan kí wọ́n kọ ọ́. Bí ó bá bọ́ sí ibòmíràn, wọn kì í sábà kọ àmì rárá, òǹkàwé ni yóò mọ̀ ọ́n. Nítorí náà, kí àmì má baà da wá rú níbí, lẹ́tà ńlá ni n ó máa fi tọ́ka sí sílébù tí a ń tẹnu mọ́. Ẹ wo ọ̀rọ̀ mẹ́ta yìí: CA-pi-to, "mo ṣèèṣì dé síbẹ̀", ca-PI-to, "ó ti yé", ca-pi-TÒ, "ó ṣẹlẹ̀". Lẹ́tà kan náà ni, ẹyọ ìkẹyìn nìkan ni ó sì ń gba àmì.

Nípa òfin, ọ̀pọ̀ jù lọ ọ̀rọ̀ èdè Ítálì ni wọ́n ń tẹnu mọ́ ní sílébù kejì bí a bá kà á láti ẹ̀yìn. Irú wọn ni wọ́n ń pè ní "piana". Nínú ọ̀rọ̀-ìṣe, ẹni kẹta ọ̀pọ̀, ìyẹn "wọn", ni ó máa ń yàgò fún ìyẹn, sílébù kẹta láti ẹ̀yìn ni tirẹ̀ láìsí àyọkúrò: PAR-la-no, VE-do-no, DOR-mo-no. Nínú ohun tí ènìyàn ti máa ń ṣe tẹ́lẹ̀, a ní par-LA-vo, par-LA-va, ṣùgbọ́n par-la-VA-mo àti par-la-VA-te, lẹ́yìn náà par-LA-va-no. Par-la-VA-no tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń sọ kò sí níbìkan. Ẹ fi par-LA-ro-no, par-LAS-se-ro àti par-le-REB-be-ro kún un. Ti ọjọ́ iwájú nìkan ni ó padà sí ìlànà: par-le-RAN-no.

Àwọn tí ó parí sí "-ere" ni kò ní òfin. Ve-DE-re, te-ME-re, a-VE-re, po-TE-re wà ní apá kan. PREN-de-re, LEG-ge-re, SCRI-ve-re, CHIU-de-re wà ní apá kejì. Híhá ni ẹ ó há wọn.

Ìyá Ìbejì, Roma

Ẹ kú iṣẹ́, Olùkọ́. Ohun kékeré kan ni mo fẹ́ fi kún un fún ọmọ Ìjẹ̀bú yìí. Ní Torino tí o wà, o kò níí sábà gbọ́ "parlò" lẹ́nu ènìyàn. "Ha parlato" ni wọn yóò sọ, inú ìwé ìtàn ni "parlò" ń gbé. Àwọn ará gúúsù, pàápàá ní Sicilia, ni wọ́n ṣì ń lò ó nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́. Nítorí náà, má jẹ́ kí ẹyọ yẹn pa ọ́ lára jù. "Abitano" tí o máa lò lójoojúmọ́ ni kí o tètè tún ṣe.

Níbí ní Roma, bí wọ́n bá pe "parlò bene", "b" á di méjì létí rẹ, bí ẹni pé ọ̀rọ̀ kan ni, "parlobbene". Bẹ́ẹ̀ náà ni ní Toscana àti ní gúúsù. Mo fi ìyẹn mọ ibi tí wọ́n tẹ̀ nígbà tí mo kọ́kọ́ dé. Ṣùgbọ́n àwọn ará àríwá kì í ṣe é, nítorí náà má retí rẹ̀ lẹ́nu olùkọ́ rẹ.

Akẹ́kọ̀ọ́ Siena

Ẹ jọ̀wọ́ sà, Olùkọ́ Àgbà, ẹ má ṣe bínú sí mi, ṣùgbọ́n "láìsí àyọkúrò" yẹn kò dúró. Ọ̀rọ̀ tí ẹ̀gbọ́n mú wá gan-an ni ó kọ́kọ́ tako ó: A-bi-ta-no. Sílébù kẹrin láti ẹ̀yìn nìyẹn. Te-LE-fo-na-no àti OR-di-na-no wà pẹ̀lú rẹ̀. Ẹni tí ó bá ka sílébù láti ẹ̀yìn bí ẹ ṣe wí yóò sọ a-BI-ta-no, àṣìṣe tuntun nìyẹn.

Ohun tí wọ́n kọ́ wa níbí ni pé kí a má ka láti ẹ̀yìn rárá. Kí a kọ́kọ́ mọ bí "èmi" ṣe ń sọ ọ́, nítorí pé ibi tí ẹni kìíní ẹyọ bá tẹ̀ ní àkókò ìsinsìnyí ni ẹni kẹta ọ̀pọ̀ yóò tẹ̀, kò ní kúrò lórí rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ PAR-lo, PAR-la-no ni. Bí ó bá jẹ́ A-bi-to, A-bi-ta-no ni. De-SI-de-ro, de-SI-de-ra-no. Im-PA-ro, im-PA-ra-no. "Àwa" àti "ẹ̀yin" nìkan ni wọ́n ń ṣí kúrò nílé: a-bi-TIA-mo, a-bi-TA-te. Nítorí náà, bí ẹ bá ń kọ ọ̀rọ̀-ìṣe tuntun sílẹ̀, ẹ má kọ "abitare" nìkan, ẹ kọ "A-bi-to" sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, nítorí pé láti inú a-bi-TA-re, kò sí bí ẹ ṣe lè mọ̀ pé iwájú pátápátá ni yóò bọ́ sí.

Nípa "-ere", mo rò pé ọgbọ́n kan wà. Ẹ wo ọjọ́ iwájú. Àwọn tí wọ́n ń tẹnu mọ́ "-E-re" máa ń gbé fáwẹ́lì yẹn mì: vedere di vedrò, potere di potrò, dovere di dovrò, sapere di saprò, cadere di cadrò. Àwọn tó kù kì í gbé e mì: prenderò, leggerò, scriverò, chiuderò. Ẹni tí ó bá ti mọ ọjọ́ iwájú yóò fi mọ ibi tí ó ti máa tẹ̀.

Olùkọ́ Àgbà

Mo gbà, ọmọ mi. Mo yára jù, "abitano" sì wà níwájú mi gbangba. Kí ọmọ Ìjẹ̀bú tẹ̀ lé tìrẹ, kí ó fi ìkà ẹ̀yìn mi sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọgbọ́n ọjọ́ iwájú rẹ yẹn, bí ojú ọ̀nà tí ó mọ́ dé ìdajì ni. Pia-CE-re àti te-ME-re ń tẹnu mọ́ "e", síbẹ̀ "piacerò" àti "temerò" ni wọ́n ń jẹ́, wọn kò gbé nǹkan kan mì. VI-ve-re ń tẹnu mọ́ iwájú, síbẹ̀ "vivrò" ni. Ó dára fún àwọn tí ó wọ́pọ̀, kò dára fún ẹni tí yóò fi búra.

Ìdí tí nǹkan fi rí bẹ́ẹ̀ wà nínú èdè Látìn, níbi tí oríṣi ọ̀rọ̀-ìṣe méjì yìí ti yàtọ̀ síra: ọ̀kan ní "e" gígùn tí ó ń fa ìtẹnumọ́ mọ́ra, èkejì ní "e" kúkúrú tí kò lágbára. "Vedere" àti "temere" wá láti inú àkọ́kọ́, "leggere" àti "scrivere" láti inú èkejì. Ibi tí ó ti wá ń dà wá láàmú ni pé àwọn kan yí ilé padà lójú ọ̀nà. "Rispondere" àti "ridere" jẹ́ ti "e" gígùn ní Látìn, ṣùgbọ́n ri-SPON-de-re àti RI-de-re ni wọ́n dà lónìí. "Sapere" àti "cadere" sì wá láti ọ̀dọ̀ àwọn tí "e" wọn kúrú, wọ́n wá di sa-PE-re àti ca-DE-re. Ẹni tí ó gbọ́ Látìn pàápàá yóò ṣi wọ́n pè.

Ọmọ Ìjẹ̀bú ní Torino

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin àgbà àti àbúrò mi ní Siena. Mo ti kọ "A-bi-to, A-bi-ta-no" sí ara ògiri ilé ìdáná, ọkọ mi sì ń bi mí pé ta ni mo ń bá jà. Ó ku ti ọ̀rọ̀ gígé o. Kí ló burú nínú "as-pet-to"? Mo tún fẹ́ mọ ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ bí wọ́n bá so "mi" àti "lo" mọ́ ìdí ọ̀rọ̀-ìṣe, nítorí pé mo ń gbọ́ "telefonami", ìyẹn "pè mí lórí fóònù", lójoojúmọ́ níbi iṣẹ́.

Akọrin Oníkàn

Mo ń gbé ní Èkó, n kò sì tíì dé Ítálì rí, ṣùgbọ́n orin èdè Ítálì ni mo fi kọ́ bí a ṣe ń kọrin, nínú ìwé orin, sílébù kọ̀ọ̀kan ni wọ́n fi igi kékeré yà sọ́tọ̀ lábẹ́ àmì orin. Ẹni tí ó bá ka ìwé orin fún ọdún kan kò níí ṣi ọ̀rọ̀ gé mọ́.

Ohun tí ó tan ọ́ ni "s". Bí "s" bá ṣáájú kóńsónáǹtì mìíràn, kì í dúró lẹ́yìn, iwájú ni ó ń bá a lọ: a-spet-to, ca-pi-sco, de-scri-vo. Kóńsónáǹtì ìlọ́po méjì ni a ń là sí méjì, leg-go, met-to, bẹ́ẹ̀ náà ni "cq", tí a ka sí ìlọ́po: nac-que, piac-que. "L", "m", "n", "r" máa ń dúró sẹ́yìn bí kóńsónáǹtì mìíràn bá tẹ̀ lé wọn: par-lo, pren-do, com-pro. Ṣùgbọ́n "pr", "tr", "cl" àti irú wọn kì í pínyà: a-pro, en-tro. "Gn", "gli", "sci" jẹ́ ìró kan ṣoṣo, ẹ kò gbọdọ̀ fi ọ̀bẹ kàn wọ́n: gua-da-gno, vo-glio, la-scio.

Kíkọ rọrùn ju pípè lọ fún wa. Ẹnu wa kò fẹ́ kóńsónáǹtì méjì tí ó so pọ̀. Òun náà ni ó sọ ọ̀rọ̀ Òyìnbó tí ó ní sílébù kan di "búrẹ́dì", tí ó ní mẹ́ta. Nínú ẹgbẹ́ akọrin wa, mo ti gbọ́ "apro" tí ó di "a-pi-ro", ó sì ba orin jẹ́, nítorí pé ohùn orin méjì ni wọ́n kọ fún un. Èyí tí ó tún farasin jù ni "n". Nínú òroǹbó, "ǹ" dá dúró gẹ́gẹ́ bí sílébù, ó ní ohùn tirẹ̀: ò-ro-ǹ-bó. Ní "prendo", "n" kò dá dúró, ẹrù ni lórí sílébù iwájú rẹ̀. Méjì ni, pren-do. Bí o bá ń pè é ní mẹ́ta, pre-n-do, ìtẹnumọ́ yóò ṣáko lọ, o kò sì níí mọ ibi tí ó gbà.

Akẹ́kọ̀ọ́ Siena

Akọrin ti sọ òfin ìwé kíkọ bí ó ṣe yẹ, kí ẹ̀gbọ́n tẹ̀ lé e nínú ìdánwò. Ṣùgbọ́n fún etí, ẹ mọ̀ pé àwọn onímọ̀ èdè rí "s" yẹn bí ohun tí ó ń dé sílébù iwájú rẹ̀. Ẹ̀rí wọn ni pé ní "capisco", "i" tí a ń tẹnu mọ́ kúrú, kò gùn bí ti "ca-PI-to". Bí ó bá jẹ́ pé sílébù náà ṣí ní ti òtítọ́, ì bá gùn. Ìwé ń sọ ca-pi-sco, ẹnu ń sọ ohun tí ó súnmọ́ ca-pis-co.

Ní ti "telefonami", ọ̀rọ̀ kékeré tí wọ́n so mọ́ ìdí kì í mú ìtẹnumọ́ kúrò ní ipò rẹ̀. Te-LE-fo-na, te-LE-fo-na-mi. FAB-bri-ca, FAB-bri-ca-me-lo, ìyẹn sílébù karùn-ún láti ẹ̀yìn! Ó yàtọ̀ sí tiwa: "rà" ń jẹ́ "rà" bí ó bá dá wà, ó sì di "ra" nígbà tí a bá ní "ra iṣu". Ọ̀rọ̀-ìṣe tiwọn kì í yí padà nítorí ohun tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ sí àwọn kúkúrú bíi "di'" ("sọ") àti "da'" ("fún") ni pé kóńsónáǹtì tí ó tẹ̀ lé wọn á di méjì: DIM-me-lo, DAM-me-lo.

Awakọ̀ Brescia

Mo ti gba ìbáwí mi lórí ohùn òkè. Ṣùgbọ́n lórí kóńsónáǹtì méjì yẹn, ẹ jẹ́ kí n fi tèmi kún un, nítorí pé ó ti ná mi ní nǹkan. Ẹnìkan tí mo ń ṣiṣẹ́ fún bi mí nípa owó àfikún, mo sì fẹ́ sọ fún un pé a ó jọ sọ ọ́ lọ́jọ́ Ajé. Dípò "parleremo", "parleremmo" ni ó jáde lẹ́nu mi, èyí tí ó túmọ̀ sí pé a ì bá sọ ọ́. Ó ń dúró kí n sọ ohun tí ó dí wa lọ́wọ́, èmi náà ń dúró de ọjọ́ Ajé. Ibi kan náà ni a ń tẹnu mọ́ nínú méjèèjì, "re", ṣùgbọ́n ní ti ọjọ́ iwájú, "e" ni ó gùn, par-le-RE-mo, ní èkejì "m" ni ó gùn, par-le-REM-mo.

Ọmọ Ìjẹ̀bú ní Torino

Mo padà dé o. Mo ka ìwé lánàá, "abitano" jáde bí ó ṣe yẹ, "parlavano" náà jáde, ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín. Orí "persuadere" ni mo kọsẹ̀ sí, mo pè é ní per-su-A-de-re. Olùkọ́ ní per-sua-DE-re ni, ṣùgbọ́n ó rẹ́rìn-ín, ó ní àwọn ọmọ Ítálì pàápàá ń ṣi í pè bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ló kù. Kí ló dé tí wọ́n fi ń kọ "tu invii" pẹ̀lú "i" méjì, ṣùgbọ́n tí "tu studi" ní ẹyọ kan? Ṣebí "inviare" àti "studiare" jọ parí bákan náà.

Olùkọ́ Àgbà

Padà sọ́dọ̀ "èmi", bí ọmọ Siena ti wí. In-VI-o: "i" ni a ń tẹnu mọ́, sílébù tirẹ̀ ni ó dá ní, nítorí náà kò lè parẹ́ nígbà tí "i" ti "ìwọ" bá dé, méjèèjì ni yóò jókòó: in-VI-i. Ní STU-dio, "i" kò ní agbára, ó kàn so mọ́ "o" lásán, bí "i" mìíràn bá sì dé, ọ̀kan á gbé èkejì mì: STU-di. Bákan náà ni ó rí fún "wọn": in-VI-a-no ní sílébù mẹ́rin, STU-dia-no ní mẹ́ta. Bí o bá lọ sórí òkè yìnyín ní òtútù tí ń bọ̀, tí o sì fẹ́ sọ fún ẹnìkan pé ó ń yọ̀ lórí yìnyín dáadáa, SCI-i ni, "i" méjì.